Etí Aṣọ Kejì

Owú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìkan. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ kò tíì rí Àfúsá, ìyá Tóyìn, ní àgbàlá àwọn aláró ní Ìjemọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣeré ìparí ọdún.

Àdìrẹ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ìkòkò aró, ẹnì kan kì í dá a fún. Ẹni méjì ní í di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ọ̀kan a lọ́ ọ síhìn-ín, èkejì a lọ́ ọ sọ́hùn-ún. Láti ìgbà ọmọge ni Àfúsá ti ń bá Mọ́níkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fún aṣọ. Wọn kì í sọ̀rọ̀ sí i. Àfúsá á kàn gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, wọ́n á sì jọ lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó yá, èjìká ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Àfúsá, ó lọ sinmi nílé. Ó padà dé, ó bá Mọ́níkẹ́ fún aṣọ lọ́jọ́ kan péré. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, Rodiat ló bá ní etí aṣọ kejì. Rodiat, ọmọ àná tí èékánná rẹ̀ ò tíì dú fún aró! Mọ́níkẹ́ ò ṣàlàyé, Àfúsá náà ò bèèrè. Ó ń jowú ni. Bí Rodiat bá rẹ́rìn-ín, Àfúsá á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí Mọ́níkẹ́ bá bu omi fún Rodiat mu, Àfúsá ò ní lè jẹun ọ̀sán.

Ní báyìí, Tóyìn, ọmọ rẹ̀ tó ń ti Adigbe lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó lójoojúmọ́, mú eré kan wálé, tí wọ́n fi ń kọ́ wọn níbi iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ẹni méjì á na aṣọ láàárín ara wọn, wọ́n á gbé igbá omi lé e, wọ́n á sì gbé e yí àgbàlá ká. Bí omi bá dà, tàbí tí ẹnìkan bá lanu sọ̀rọ̀, wọ́n ti pàdánù nìyẹn. Ẹgbẹ́ aláró ní kí Àfúsá darí rẹ̀ lọ́jọ́ ìparí ọdún.

Inú Àfúsá dùn. Ó mọ̀ pé bí Mọ́níkẹ́ àti Rodiat bá ń fún aṣọ, Mọ́níkẹ́ ní láti pariwo "Ó yá!" kí ọmọ náà tó mọ ìgbà tí yóò lọ́ ọ. Lónìí, kò ní sí "Ó yá." Gbogbo ayé á rí i pé wọn ò bára mu, Mọ́níkẹ́ á sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni í.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú lọ̀rọ̀ wà o!" ló kígbe. "Ẹni tó bá fọhùn ti jáde. Mọ́níkẹ́, ìwọ àti ẹni rẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́ síta."

"Ẹni mi bí ti báwo?" Mọ́níkẹ́ ń rẹ́rìn-ín.

"O mọ ohun tí mò ń sọ."

Wọ́n gbéra. Àfúsá ń bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹjú mọ́ igbá bí ológbò tó rí eku. Ẹsẹ̀ Mọ́níkẹ́ ni Rodiat ń wò: bó bá gbé e, òun náà á gbé tirẹ̀. Wọ́n yí àgbàlá po, ẹ̀kán omi kan ò dà. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, Mọ́níkẹ́ sì dì mọ́ Rodiat. Ìdìmọ́ra yẹn ló dun Àfúsá jù.

"Èmi náà á ṣe é," ló bá wí.

"Ìyá Tóyìn, ṣebí ẹ̀yin lẹ ń darí eré?" Rodiat bèèrè.

"Ta ló bi ọ́? Gbé etí aṣọ náà fún mi jàre."

Ó dì í mú, Mọ́níkẹ́ di èkejì, wọ́n gbé igbá lé e. Àfúsá fẹ́ kí wọ́n gbéra, ni bárakú ọjọ́ pípẹ́ bá yọ: ó gbé àgbọ̀n sókè. Kíá, ọwọ́ Mọ́níkẹ́ lọ́ aṣọ. Ọwọ́ Àfúsá náà lọ́ ọ. Igbá fò sókè, omi dà bò wọ́n, ìrora sì mú Àfúsá léjìká bí ìgbà tí wọ́n fọ̀bẹ gún un.

"Yéè!" ló figbe ta, ó sì jọ̀wọ́ aṣọ.

Ẹ̀rín pa àwọn obìnrin. Adarí eré ló da omi, òun náà ló tún fọhùn! Mọ́níkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Èjìká yẹn ló ń wò, ojú rẹ̀ kò sì jọ ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ bá lójijì. Àfúsá wá rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tó padà sídìí aṣọ, bó ṣe pa eyín pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé ara òun ò tíì yá. Mọ́níkẹ́ ti mọ̀. Ó mọ̀, kò sọ, ó pe Rodiat.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" Àfúsá bi í.

"Tí mo bá sọ, ṣé wàá gbà?"

Aṣọ wà nílẹ̀, ó rin gbingbin. Rodiat gbé etí kan, Mọ́níkẹ́ gbé èkejì, kí wọ́n lè fún un. Owú Àfúsá ò tíì tán. Ẹni tó bá ní ó tán, irọ́ ló pa. Síbẹ̀, ó sún mọ́ ọmọbìnrin náà.

"Má dúró de 'Ó yá' mọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ le. "Gbé àgbọ̀n rẹ sókè báyìí."

Rodiat gbé e sókè. Ọwọ́ Mọ́níkẹ́ ò mira. Rodiat tún gbé e. Mọ́níkẹ́ dúró, ojú rẹ̀ fo Rodiat kọjá, Àfúsá ló ń wò.

Àfúsá gbé àgbọ̀n sókè. Mọ́níkẹ́ lọ́ aṣọ, Rodiat sáré tẹ̀ lé e, omi sì dà sílẹ̀.