Ìlà Kẹrin Nínú Ìwé Ìtọ́nisọ́nà

Iṣẹ́ obìnrin náà ni kí ó máa wọn agbára ìgbì rédíò tó ń jáde lára àwọn ẹ̀rọ kéékèèké, kí ó sì sọ bóyá ó lè pa èèyàn lára. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n fi fóòmù dúdú ẹlẹ́nu ṣónṣó bo ògiri rẹ̀. Ìgbì òde kì í wọ ibẹ̀, fóònù pàápàá kì í dún níbẹ̀. Oníwọ̀n ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ rí.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn ṣe ẹ̀rọ ìpè fún àwọn arúgbó, òun ló wọ̀n ọ́n. Méjì ni ẹ̀rọ náà: àpótí kan tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àti bọ́tìnnì kékeré tí arúgbó máa so mọ́ ọrùn. Bí arúgbó bá ṣubú, á tẹ bọ́tìnnì, àpótí á sì pe àwọn ọmọ lórí fóònù. Agbára bọ́tìnnì yẹn ò tó nǹkan. Èèyàn lè fi sùn, kó fi jí. Àpótí ló lágbára díẹ̀, ìyẹn ni Oníwọ̀n ṣe kọ ọ́ pé kí àpótí máa jìnnà sí ara ní ogún sẹ̀ǹtímítà.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà dé láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ó sì rí i pé wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ òun kúrú kó lè gba ojú ewé kan. Ìlà kẹrin sọ pé kí ẹ̀rọ yìí jìnnà sí ara ní ogún sẹ̀ǹtímítà. Ẹ̀rọ wo nínú méjèèjì? Ó gbé e lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá bi í pé ta ló máa gbé àpótí kọ́rùn, ó ní àwọn èèyàn lọ́gbọ́n lórí, ìwé sì ti jáde tán. Oníwọ̀n mọ̀ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì fọwọ́ sí i.

Ó mú ọ̀kan lọ fún ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ìyá ń gbé. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí, ọdún mẹ́fà ló sì ti ń wẹ ìyá, tó ń gbé e dìde, tó ń gbé e jókòó. Inú Oníwọ̀n dùn pé òun náà rí nǹkan ṣe. Ó gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó so bọ́tìnnì mọ́ ìyá lọ́rùn, ó fi ìwé sórí tábìlì, ó sáré padà síbi iṣẹ́.

Aránṣọ fi awò sójú, ó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, ó rò pé bọ́tìnnì ni wọ́n ń sọ. Ó pe àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fóònù ò wọlé. Ó bá tú bọ́tìnnì kúrò lọ́rùn ìyá, ó fi téèpù tó fi ń wọn aṣọ wọn ogún sẹ̀ǹtímítà láti ibi ibùsùn, ó sì fi bọ́tìnnì náà kọ́ ìṣó lára ògiri. Ó tún fi díẹ̀ kún un, kó má baà ṣìṣe. Nígbà tí Oníwọ̀n jáde nínú yàrá rẹ̀, ó rí i pé wọ́n pe òun. Ó ní tó bá di ọjọ́ Àìkú, òun á pè padà.

Kò tíì di ọjọ́ Àìkú tí aránṣọ fi gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan láàárọ̀. Nígbà tó máa fi dé lọ́sàn-án, ìyá ti wà nílẹ̀, itan rẹ̀ ti kán, ọwọ́ rẹ̀ kan nà sọ́nà ògiri. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá nílé ìwòsàn, ó sì kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn ọkùnrin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, pe ẹbí jọ sí pálọ̀. Ó kọjú sí aránṣọ.

"Àbúrò rẹ gbé ohun tó lè gba ìyá yín là wá, ìwọ fi kọ́ ìṣó."

Aránṣọ tẹrí ba. Oníwọ̀n dìde, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, látorí àpótí dórí ìlà kẹrin.

"Ẹ̀bi mi ni, Bàbá. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé yẹn."

Bàbá náà wò ó, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní irú ọmọ tí òbí ń tọrọ nìyí, tó ń fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gbẹ́rù ẹlòmíràn. Bí Oníwọ̀n ṣe ń ṣàlàyé tó ni wọ́n ń yìn ín tó. Ẹnikẹ́ni ò gbà á gbọ́ àfi aránṣọ.

Nígbà tó yá, ó ku aránṣọ àti Oníwọ̀n nìkan nílé ìdáná.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ìlà yẹn kò dáa?"

"Kí n tó gbé e wá."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rò pé..."

"O ò rò pé mo máa kà á."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Lójú Oníwọ̀n, aránṣọ kì í kàwé.

Ó padà síbi iṣẹ́, ó ní kí wọ́n kó ìwé náà kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ọ̀gá ní wọ́n á tún un ṣe bí èyí tó wà nílẹ̀ bá tán. Oníwọ̀n fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù náà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò yí nǹkan kan padà. Bó bá pe aránṣọ, aránṣọ kì í gbé fóònù mọ́. Àwọn ẹbí kì í sì yà sílé aránṣọ mọ́. Ọ̀dọ̀ Oníwọ̀n ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n fìwà jọ ọ́.