Jẹ̀díjẹ̀dí Ilé Wa

Mò ń ka òkú ilé wa fún dókítà, ó ń kọ wọ́n sílẹ̀.

"Bàbá mi. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló lò. Ògúnníyì ẹ̀gbọ́n mi, mọ́kànlélógójì. Ọ̀ṣúnkẹ́mi àbúrò mi, ìyá ọmọ yìí. Kò pé ogójì."

Morádéyọ̀ ni ọmọ yìí. Èmi ni mo tọ́ ọ. Ó ti pé ọdún méjìdínlógójì. Láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Mò ń se àgbo fún un, ó ń mu ún. Nígbà tó rù débi pé ìró kò dúró nídìí rẹ̀ mọ́, ó ní ká kúrò ní Ìmẹ̀kọ, ká lọ sí ọsibítù ní Ayétòrò.

"Kí ló pa wọ́n, Bàbá?" Dókítà Fọláṣadé ló béèrè.

"Jẹ̀díjẹ̀dí."

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun dídùn ló ń fà á. Orí àìsàn ni bàbá mi wà tó fi ka ìrèké léèwọ̀ fún wa. A kì í fi ṣúgà sí ẹ̀kọ pàápàá."

Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ wò mí. Ọmọ Ìmẹ̀kọ tí kò jẹ ìrèké rí. Níléèwé, Ẹlẹ́nu-kíkorò ni wọ́n ń pè mí."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ya igi ìdílé wa, ẹni tó bí ẹni, sórí ìwé, ó fi bírò kun àwọn òkú náà dúdú.

"Jẹ̀díjẹ̀dí kì í tò láti bàbá dé ọmọ báyìí, Bàbá. Ó jọ jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Nǹkan kan wà nínú ara tó ń tún àṣìṣe ṣe kó má baà di jẹjẹrẹ. Nínú ìdílé mìíràn, ó ti bàjẹ́. Òbí ló ń fi í fún ọmọ. Ó lè mú ọ̀kan, kó fo èkejì."

"Bó ṣe fò mí."

"Ó ṣeé ṣe, Bàbá."

Mo ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Mo ti rò pé èmi ni mo pa èèwọ̀ náà mọ́ jù.

Dókítà ní kí Morádéyọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, kí wọ́n fi kámẹ́rà wo ìfun rẹ̀ láti ìdí. Ọmọ náà wojú mi.

"Bàbá, àbí kí n tún mu àgbo yín fún oṣù kan sí i?"

"Mo se é fún ìyá rẹ náà," ni mo wí.

Ó lọ.

Wọ́n rí jẹjẹrẹ náà. Wọ́n gé e kúrò. Kò tíì la ara ìfun kọjá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: nǹkan tó ń tún àṣìṣe ṣe náà ti bàjẹ́, ti ilé wa ni. Ọmọ méjì ló bí. Bí wọ́n bá ti tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, àwọn náà yóò máa lọ fún kámẹ́rà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé, ó mú ìrèké dání. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó fi eyín bó o.

"Bàbá, ẹ gbà. Ẹ má wò ó bí ejò."

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

Ìgò àgbo kan ló kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kún.