Mo Ń Ro Ara Ògiri

Àbúrò mi, jókòó ná. Oorun àárọ̀ yìí kò dùn mọ́ mi. Wọ́n pàtẹ àwòrán iná ọyẹ́ tó jó oko wa sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Èédú igi kòkó ni wọ́n fi yà wọ́n. Mo dé ìdí àwòrán oko tèmi, mo rí ìyàwó mi olóògbé nínú rẹ̀, ó ń fọ́ kòkó, iná sì ń rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo gbé ọkọ́, mo ń ro ara ògiri yí àwòrán náà ká, bí a ti ń ro etí oko kí iná má baà wọlé. Bí mo ti ń ro ó ni koríko ń hù lára ògiri.

Ọmọbìnrin tó yà á ní, “Bàbá, ẹ rọra, ẹ máa pa á rẹ́.”

Mo ní, “Ìyá Bọ́lá, jáde níbẹ̀.”

Ìyàwó mi kò wẹ̀yìn. Ó ní, “Bàbá Bọ́lá, ta ni kó wá fọ́ kòkó? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣá ara yín lọ́wọ́?”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Iná kan etí ìró rẹ̀. Òkè àwòrán nìkan ló kù tí n kò tíì ro, ọwọ́ mi kò sì tó o. Mo ní kí wọ́n gbé mi. Wọ́n gbé mi sókè, mo na ọkọ́ síbẹ̀, mo bá jí.