Mùrí Agékòkó

Nígbà tí àwọn Agiríkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ oko, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọ̀dọ́ Ìwó síṣẹ́, Mùrí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe pé ó kórìíra oko. Oko kòkó Bàbá Rájí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, lọ́nà Olúpọ̀nnà, ló ti ń jẹun yó láti kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti rí iṣẹ́ ìjọba ti ń gun kẹ̀kẹ́, òun ṣì ń fẹsẹ̀ rìn.

“Àwọn alágbàro ti lọ, ìwọ náà ń lọ,” ni Bàbá Rájí wí. “Ta ni yóò bá mi ká kòkó?”

Mùrí ṣèlérí pé òun yóò máa wá lọ́jọ́ ìsinmi. Kò wá.

Gígé kòkó ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Àrùn kan ti wọ inú oko: ẹ̀ka á wú, èso á kéré. Kò ní oògùn. Igi tó bá mú, gígé ni. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà, bó tilẹ̀ ń so, wọn a gé e kó má baà ran ìyókù. Ibi tí Mùrí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbà kọjá, ní Kuta ni o, ní Ilé-Ogbó ni o, àwọn obìnrin á máa ké bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Wọ́n ṣépè fún un títí ara rẹ̀ fi gbà á.

Nígbà tí iṣẹ́ kan ọ̀nà Olúpọ̀nnà, ó bẹ Olúdáre, ọ̀gá wọn, pé kó fi òun sílẹ̀ sí Kuta.

“Ẹni tí kò bá lè gé ti ilé bàbá rẹ̀,” ni ọ̀gá fèsì, “kó má gé ti ẹlòmíràn.”

Bàbá Rájí ti dúró dè wọ́n. Mùrí gbé àáké sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Dìde. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣàìsàn?”

“Òótọ́ ni, Bàbá. Ẹ wo bí ẹ̀ka yìí ṣe wú.”

“Tọ̀hún ńkọ́? Òun kò wú.”

“Wọ́n ní ká gé e mọ́ ọn.”

Bàbá fọwọ́ pa èèpo igi náà. “Má jẹ́ kí àjèjì gé e. Ìwọ ni kó o gé e.”

Mùrí gé e. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, kò sí ibòòji mọ́ nínú oko náà. Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó bàbá, ń ṣa àwọn èso tútù tó já sílẹ̀ sínú agbọ̀n, bẹ́ẹ̀ wọn kò wúlò fún nǹkan kan.

Ìjọba fún bàbá ní ọmọ kòkó tuntun láti gbìn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbẹ́ kòtò? Ta ni yóò pọnmi? Ọ̀dọ́ tó lápá ti wọṣẹ́ ìjọba, àwọn kékeré sì wà nílé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, àwọn ọmọ kòkó gbẹ síbi tí wọ́n kó wọn sí.

Kí òjò tó padà, bàbá di ẹrù. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń wá lébìrà nínú oko kòkó lápá Kùmásí. Mùrí sáré bá a ní gáréèjì.

“Bàbá, ẹ dákun, n óò fiṣẹ́ sílẹ̀. N óò padà sóko.”

“Oko wo?” ni bàbá bi í. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ṣàdúrà fún un, ó sì wọkọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ gígé kòkó parí lágbègbè Ìwó, wọ́n sì dá Mùrí dúró. Ó mú àdá, ó gba ọ̀nà Olúpọ̀nnà lọ. Ẹ̀kan ti bo ilẹ̀ náà, kò mọ ààlà mọ́. Ó ń ṣán an lóun nìkan títí Ṣẹ̀fíátù fi gbé oúnjẹ dé.

“Ìyá, ṣé ẹ gbúròó Bàbá?”

“Rárá,” ni ìyá wí. “Wá jẹun.”