Ẹ́ńjìnnì Abẹ́ Oríta Irin

Mo wà lábẹ́ tábìlì, mo gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan sókè, mò ń wá ibi tí màá dè é mọ́, ẹ́ńjìnnì náà sì ń ṣàlàyé fún mi pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí padà. Inú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ni mo ti yọ ọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe òun, apá ibì kan náà lòun ń yí sí: kásẹ́ẹ̀tì á kọrin, orin á tán, wọ́n á pa òun, ó parí. Mo ní kò sí wàhálà níbẹ̀, pé bí mo bá ti gbé wáyà pupa síbi tí dúdú wà, tí mo gbé dúdú síbi tí pupa wà, òun fúnra rẹ̀ á rí i pé òun ti ń yí padà. Ó ní ẹ̀yin lẹ mọ̀. Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa dá mi lóhùn báyẹn. Èmi gan-an ni mo máa ń dá àwọn èèyàn lóhùn bẹ́ẹ̀ tí mo bá mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Orí tábìlì náà ni rélùwéè Bàámi wà. Ká má parọ́, ilẹ̀kùn àtijọ́ kan tí wọ́n gbé lé àpótí là ń pè ní tábìlì. Ìkìrun ni Bàámi ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, àwọn ni wọ́n máa ń yí ojú irin kí ọkọ̀ tó kọjá. Nígbà tí wọ́n wá sílé tí wọn ò rí nǹkan yí mọ́, wọ́n ṣe kékeré tiwọn. Irin agboòrùn ni wọ́n fi ṣe ojú irin, agolo tòmátò ni wọ́n gé ṣe ọkọ̀, gbogbo ọkọ̀ náà látorí dé ìdí ò sì gùn ju apá mi lọ. Láàárín tábìlì, ojú irin kan pín sí méjì. Oríta là ń pe ibẹ̀ nílé wa. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ bí ahọ́n: tó bá fara ti apá ọ̀tún, ọkọ̀ á yà sílé wa, tó bá fara ti apá òsì, ọkọ̀ á gba etí tábìlì lọ. Ọwọ́ la fi ń tì í. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn, kò dúró mọ́, bẹ́ẹ̀ Màámi ń ṣàìsàn ní yàrá kejì. Mi ò lè dúró ti oríta kí n tún dúró ti ìyá mi. Ìdí tí mo fi ń de ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì á máa ti irin, èmi á lọ jókòó ti Màámi.

Abẹ́ tábìlì fẹ̀ ju òkè rẹ̀ lọ. Mo rákòrò títí mo fi débi tí mo ti lè nàró, mo wá rí i pé pálọ̀ wa ni mo wà, bó ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pẹ̀lú ògiri aláwọ̀ ewé àti àga onígi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Bàámi ló jókòó lórí àga náà. Wọ́n wọ kakí iṣẹ́ wọn, wọ́n fi ètè di ìṣó mú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó ti pẹ́ tí Bàámi ti kú. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, wọ́n dáhùn láìyọ ìṣó lẹ́nu, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mi ò tíì jẹun. Wọ́n gba ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ṣebí inú rédíò àwọn ni mo ti tú u. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kò burú, àwọn ò gbọ́ rédíò mọ́. Níbi tí àwọn wà, ìròyìn máa ń dé kó tó ṣẹlẹ̀.

A jọ ṣe iṣẹ́ náà. Bàámi fi ìṣó gbígbóná dá ihò sí àjà, nítorí àjà pálọ̀ yẹn ni ìsàlẹ̀ tábìlì. Èéfín igi jáde níbẹ̀, ó ń ta sánsán bí ilé ìdáná wa àtijọ́. Mo tẹ sípóòkù kẹ̀kẹ́ kan, mo so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo kì í bọ ihò náà kí orí rẹ̀ lè yọ lókè kó sì gbá ahọ́n irin mú. Wọ́n ní ó le jù. Mo pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ní èyí rọ̀ jù. Ikú ò kọ́ Bàámi ní sùúrù kankan. Wọ́n ní ahọ́n irin gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan pinpin, kí ewé kankan má lè gba àárín wọn kọjá, nítorí ọkọ̀ tó bá bá ahọ́n láàárín, ṣíṣubú ni yóò ṣubú. Wọ́n yọ ìṣó lẹ́nu kí wọ́n tó sọ èyí tó kù.

"Ọ̀tún dára, òsì dára," ni wọ́n wí. "Àárín ni ò dára."

Ìgbà yẹn ni mo kíyè sí i pé wọ́n ti gbálẹ̀. Ẹní tuntun wà nílẹ̀, omi wà nínú abọ́, wọ́n fi àwo dé e. Ẹni tó bá mọ Bàámi á mọ̀ pé wọn kì í gbálẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń retí. Wọ́n ní ìyá mi ni. Wọ́n ní inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ yìí ló wà, pé apá òsì oríta, èyí tó gba etí tábìlì lọ, ọ̀dọ̀ àwọn ló já sí. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Inú bí mi. Mo ní Màámi ò lọ síbì kankan, pé wọ́n wà lórí ibùsùn wọn, ògì wọn sì wà lórí iná. Bàámi ò bá mi jà. Wọ́n kàn ń wo ẹní yẹn.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá sùn, Àwẹ̀ró," ni wọ́n wí.

Mo gba ihò ìṣó gòkè.

Lókè, pálọ̀ ti di ibùdókọ̀ rélùwéè. Àwọn àga wa ti tò sórí ìlà, wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Aago ara ògiri ń kéde pé kí gbogbo ẹni tí kò bá rìnrìn àjò yà lọ́nà, mo sì yà lọ́nà. Mo wọ yàrá Màámi. Ibùsùn wọn wà lẹ́bàá fèrèsé bó ṣe máa ń wà, ṣùgbọ́n àwọn igi ń sáré kọjá lóde. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n wé gèlè àdìrẹ wọn, báàgì wà lórí itan wọn. Mo ní Màámi, níbo lẹ ń lọ? Wọ́n ní ìta lásán làwọn ń wò, pé ara tu àwọn lónìí. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn kẹ́yìn, inú mi ìbá sì dùn ká ní yàrá náà ò máa rìn. Mo fẹ̀yìn rìn jáde. Bí mo ṣe ń fẹ̀yìn rìn ni yàrá náà ń kéré sí i, títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ agolo tòmátò, ó ń bọ̀ lórí tábìlì, Màámi sì wà nínú rẹ̀, wọn ò tóbi ju ẹ̀pà lọ.

Mo tẹ bọ́tìnnì tí mo so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì yí, sípóòkù mì, ahọ́n irin lọ fara ti ọ̀tún, apá ilé wa. Mo mí kanlẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ìró nísàlẹ̀: Bàámi ti pààrọ̀ wáyà, wọ́n ti gbé pupa síbi dúdú. Ahọ́n irin fò lọ sósì. Mo tún tẹ bọ́tìnnì, wọ́n tún pààrọ̀ wáyà. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ẹ́ńjìnnì náà ní òun ti wá mọ̀ ọ́n, pé yíyí padà ò le rárá, àfi pé èèyàn ò ní mọ ibi tó ń lọ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó ti yí rí kọrin lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ ń wúwo, ó ń falẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rùn bí rọ́bà tó ń jóná, ó sì dákẹ́. Ahọ́n irin dúró sáàárín.

Ọkọ̀ fọn fèrè. Mo ti ìka bọ ojú irin, mo ń ti ahọ́n náà sọ́tùn-ún. Kò lọ. Nǹkan kan ń tì í padà sí mi. Mo fi agbára kún un, nǹkan náà fi agbára kún tirẹ̀. Ó gba inú sípóòkù wá sí ìka mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì mọ̀ ọ́n: àtàńpàkò Bàámi ni. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé agídí wọn ni mo jogún, mi ò sì jiyàn rí. Báyìí la dúró, èmi lókè, Bàámi nísàlẹ̀, irin tí kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ wà láàárín wa. Màámi yọ orí lójú fèrèsé. Wọ́n wò mí, wọ́n wo abẹ́ tábìlì, wọ́n ní ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn nígbà tí èmi àti Bàámi bá ń jiyàn nídìí oúnjẹ.

Mo fẹ́ kí ìyá mi wá sílé. Mi ò fẹ́ nǹkan míì láyé yìí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti sún mọ́ wa débi pé mo ń rí ìhunjọ ojú Màámi, mo sì mọ̀ pé bí a bá di irin yìí mú báyìí, àárín ni wọ́n máa bá, wọ́n á sì ṣubú. Wọn ò ní délé, wọn ò ní dọ́dọ̀ Bàámi. Ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, ó ń kán sórí tábìlì. Mo yọ ìka mi.

Ìgbà kan náà ni sípóòkù náà dẹ̀. Bàámi náà ti yọ tiwọn. Ahọ́n irin ò lọ síbì kankan, ó wà láàárín digbí. Mo gbọ́ ohùn Bàámi nínú ihò, wọ́n ní kí n tì í. Mo ní kí ẹ̀yin tì í. Wọ́n ní ìwọ ni kó o tì í, ọmọ ni ọ́, o ṣì nílò rẹ̀. Mo ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n, kí n tó dáyé. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án mọ́ nínú àwa méjèèjì.

Ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀, ó ku díẹ̀ kó débẹ̀. Mi ò rí i kó dúró látìgbà tó ti ń dá rìn. Ilẹ̀kùn agolo ṣí, Màámi sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe kéré tó, òṣé tí wọ́n pa kún gbogbo ibùdókọ̀ náà, àwọn àga tó wà lórí ìlà yíjú padà. Wọ́n béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú wa ti bi àwọn ní ibi tí àwọn ń lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Wọ́n wo apá ọ̀tún pẹ́, wọ́n wo ilé wa, wọ́n wo aṣọ tí mo sá sórí okùn àti ògì tó ń hó. Mo rò pé wọ́n ń bọ̀. Mo ti ń nawọ́. Wọ́n wá ká ìró sókè díẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti ahọ́n irin náà sósì, bí obìnrin tí ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dún kẹ́. Nísàlẹ̀, mo gbọ́ tí Bàámi ń tún ẹní tẹ́.

Mo ní Màámi, ẹ má lọ. Ohùn mi tóbi jù fún wọn, gèlè wọn mì. Wọ́n gòkè padà sínú ọkọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n wá yọ orí.

"Àwẹ̀ró, lọ sùn. O ò tíì sùn látìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀."

Mo ní mo ń sùn lọ́wọ́, Màámi.

"Ó dáa. Tí o bá jí, má sáré."

Ọkọ̀ gbéra. Ó yà sósì jẹ́jẹ́, kò tilẹ̀ mì, ó gba etí tábìlì lọ.

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Ìgbà báyìí ni Màámi máa ń wúkọ́ ní yàrá kejì, tí wọ́n á pè mí pé kí n gbé omi wá. Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Mo ṣì dùbúlẹ̀, mò ń tẹ́tí. Mi ò sáré.