Agbára Dé Òkè-Àfà

"Ìyá Mardiyah, ẹnu ọ̀nà yẹn náà dáa, ẹ dúró síbẹ̀," ni Bàbá Abórìṣàdé, alága àwọn onílé, wí láti orí àga rẹ̀. "Ìpàdé onílé ni. Ayálégbé lè gbọ́, kò lè fèsì."

Memunat dúró. Aránṣọ ni, ọdún mọ́kàndínlógún rèé tó ti ń gbé àdúgbò yìí ní Òkè-Àfà. Ó ti rán ṣòkòtò fún gbogbo àwọn tó jókòó yẹn, débi pé ìdí lásán ló fi lè dá wọn mọ̀. Lánlọ́ọ̀dù tirẹ̀ ń gbé Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó máa gbẹnu sọ fún un níbẹ̀.

Gọ́tà tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò ti fẹ̀ débi pé ó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi máa ná an. Pákó kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀. Orí pákó yẹn ni Mardiyah ọmọ rẹ̀ ti já bọ́, tó fi kán lẹ́sẹ̀. Látìgbà náà, àràárọ̀ ni Memunat ń pọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó ga bí òpó iná, sọdá lọ sílé ìwé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni káńsù kọ̀wé wá pé àwọn ò ní máa yan iṣẹ́ fún àdúgbò mọ́. Kí àdúgbò fúnra rẹ̀ yan ẹyọ kan, àwọn á ṣe é. Àwọn onílé ń fẹ́ géètì ńlá, tí wọ́n á kọ orúkọ wọn sí lára. Memunat ń fẹ́ afárá.

Oòrùn ọ̀sán ń rọra yọ́ bọ̀ lára páànù, ojú Memunat sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú wìnnìwìnnì. Ó rí agbára tí wọ́n ní ó ti padà sọ́wọ́ aráàlú, tó ń ti Àbújá bọ̀ bí àlejò, agbádá ọrùn ẹ̀ gùn tó máìlì méjì. Ó sùn ní Aláùsá lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ó sanra sí i. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Bọ́ládé, ó ra gúgúrú. Ó dé káńsù, ó mu omi tútù. Nígbà tó fi máa wọ àdúgbò wọn, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó rọra jókòó sórí itan Bàbá Abórìṣàdé, oorun gbé e lọ.

"Èèyàn mélòó ló fọwọ́ sí i?" Ohùn Àjíbíkẹ́, òṣìṣẹ́ káńsù tó wá gba fọ́ọ̀mù tí àdúgbò fi máa yan iṣẹ́, ló jí Memunat.

"Mọ́kànlá," ni alága dáhùn. "Ilé mọ́kànlá la ní. Ó pé."

"Bàbá, ilé ò lè fọwọ́ síwèé. Àgbàlagbà tó ń gbé àdúgbò la ní kó fọwọ́ sí i. Ó kéré tán, ọgọ́ta."

"Níbí, ojúlé la fi ń ka èèyàn. Bá a ṣe ń ṣe é látọjọ́ tá a ti dé nìyẹn."

"Ẹ má bínú, sà. Tí n ò bá rí ọgọ́ta kí aago mẹ́rin tó lù, àdúgbò míì ni wọ́n á gbé iṣẹ́ yẹn fún."

Díẹ̀díẹ̀, ojú àwọn onílé yí sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Mardiyah," ohùn alága ti dùn bí oyin, "kí lẹ̀ ń dúró sóòrùn fún? Ẹ wọlé. Ẹ bá wa gbé fọ́ọ̀mù yìí yí ká, ẹ̀yin lẹ mọ àwọn ayálégbé."

"Kí ni kí wọ́n fọwọ́ sí, Bàbá?"

"Géètì."

"Ẹ gbé e fún wọn fúnra yín, sà. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fẹ́ géètì."

Onílé kan rẹ́rìn-ín, ó yí i sí ikọ́. Alága wo fóònù rẹ̀: aago méjì ti kọjá. Ó gba fọ́ọ̀mù tuntun lọ́wọ́ Àjíbíkẹ́, ó tì í síwájú Memunat.

"Ó dáa. Ẹ kọ ohun tó bá wù yín."

Bírò dé ọwọ́ Memunat. Afárá. Lẹ́tà márùn-ún péré. Ó rí i tó funfun báláú lórí omi, tí Mardiyah ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn lórí ẹ̀. Ó tẹ bírò mọ́ ìwé, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Tó bá kọ ọ́ báyìí láì bi ẹnikẹ́ni, òun náà ti di alága nìyẹn.

"Àǹtí, ṣé mo lè gbé e lọ láì kọ nǹkan kan?"

"Ẹ lè gbé e lọ, mà. Tí wọ́n bá wá yan nǹkan míì ńkọ́?"

"Wọ́n yan án nìyẹn. Àmọ́ màá kọ́kọ́ bá wọn jà díẹ̀."

Yàrá àkọ́kọ́ ni ti Khàlíl, wẹ́dà tó ń fi irin ṣe géètì, tí èèrà inú ilẹ̀ pàápàá mọ̀ pé géètì ló máa fẹ́. Memunat kan ilẹ̀kùn.

"Khàlíl, jáde wá. Wọ́n ń bi ẹ́ pé kí lo fẹ́."