Ìbò Tí Ó Jókòó Sílé

Ọmọ mi Tìmílẹ́yìn fìdí rẹmi nínú ìbò tí wọ́n dì láti rọ́pò ìyá rẹ̀. Monílọ́lá, ìyàwó mi, ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa ní Ìsinkàn, ní Àkúrẹ́, kí ó tó kú. A sin ín sí Oǹdó, ìlú rẹ̀, nínú ọgbà bàbá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní kí ọmọ gba ipò ìyá, ọmọ sì gbà. Kò sí ẹni tí ó rò pé ó lè fìdí rẹmi. Èmi náà kò rò ó.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Reuben tí í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn kó èsì ìbò wá sí ilé mi. Tìmílẹ́yìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìsinkàn ni ó ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ṣùgbọ́n Oǹdó ni ó ti ń ta sìmẹ́ǹtì. Reuben tẹ́ àwọn èsì náà sórí tábìlì.

"Bàbá, ẹ wò ó fúnra yín. Wọ́n jà wá lólè lọ́sàn-án gangan."

"Ta ni ó jà yín lólè?"

"Ta ni ìbá tún jẹ́? Nímọ́tà ni. Nígbà tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ fún àwọn obìnrin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde. Wọ́n ti ki nǹkan bọ̀ ọ́ lápò."

"Èmi kò tíì rí i kí Nímọ́tà wọ aṣọ tí ó ní àpò," ni mo wí.

Reuben rẹ́rìn-ín. Tìmílẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ó ní bí ó bá di Ọjọ́rú, òun yóò gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò, òun yóò sì fi orúkọ Nímọ́tà lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ó fẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé pé mo jẹ́ ẹlẹ́rìí.

"Nímọ́tà tí ó pọ̀n ọ́ dàgbà," ni mo wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni o máa ń wà nígbà tí ìyá rẹ bá lọ sí ìpàdé."

"Ìyẹn náà ni ó ń dùn mí, Bàbá."

"Èmi kò rí nǹkan kan tí mo lè jẹ́rìí sí."

"Ẹ má sọ pé ẹ rí i. Ẹ sọ pé ẹ gbọ́."

"Èmi kò gbọ́."

"Reuben ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán lójú yín ni!"

Mo ní kí wọ́n fi èsì náà sílẹ̀ fún mi, kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Àròpọ̀ àti àyọkúrò kò ṣòro fún mi. Nígbàkígbà tí Monílọ́lá bá díje tán, a máa ń jókòó sí ìdí tábìlì yìí kan náà. Èmi a máa ka iye, òun a máa sọ ìdí. Yóò ní ibi báyìí dínkù nítorí omi ẹ̀rọ tí a kò tíì fà dé ọ̀dọ̀ wọn. Yóò ní ibi báyìí pọ̀ sí i nítorí pé òun lọ kí ìyá arúgbó kan tí ó ṣubú. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, mo ka iye tán, kò sì sí ẹni tí yóò sọ ìdí.

Nígbà tí Monílọ́lá díje kẹ́yìn, ìbò 1,146 ni ó ní. Alátakò rẹ̀ ní 512. Ní báyìí, Tìmílẹ́yìn ní 398, alátakò kan náà sì ní 531. Ẹni tí ó bá wo ìyẹn lásán yóò ní àwọn ènìyàn ti yí sí ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Wọn kò yí sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìbò bá kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan, tí ó lọ bá ẹlòmíràn, ó yẹ kí a bá a lọ́dọ̀ ẹni tí ó lọ bá. Ìbò 19 péré ni ọkùnrin náà fi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn tí ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin tí a pàdánù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Olè kì í fọ́ ilé kí ó má mú nǹkan kan jáde.

Mo tún wò ó láti ibùdó ìdìbò kan dé òmíràn. Ní ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù, níbi tí ilé tuntun pọ̀ sí, tí àwọn ayálégbé tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká ń gbé, 96 ni ìyá ní, 91 ni ọmọ ní. Àwọn wọ̀nyẹn kò mọ Monílọ́lá ju àwòrán ara ògiri lọ. Ṣùgbọ́n ní ibùdó tí ó wà ní ojúde ilé wa, 214 di 17. Ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ní àdúgbò Nímọ́tà, 188 di 12. Bí mo ti ń sún mọ́ ilé ni ìbò ń gbẹ. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù lọ, tí wọ́n ń wọlé láì kan ilẹ̀kùn, àwọn gan-an ni wọn kò jáde.

Mo wò ó títí ojú fi ń ro mí. Bí ẹnì kan bá ra ìbò, ibi tí ó bá rọrùn ni yóò ti rà á. Kò ní lọ rà á ní ojúde olóògbé.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá Nímọ́tà. Ó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé, èéfín gba gbogbo àgbàlá.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọkọ wa! Ìbò ni ẹ wá tọrọ? Ìbò ti tán, gàrí ni ó kù."

"Èmi kò wá tọrọ nǹkan kan, Ìyá Hameedat."

"Ẹ jókòó sórí àpótí yẹn. Ẹ kọ́kọ́ gbọn eérú orí rẹ̀ o, kí wọ́n má baà ní mo fi àtíkè pa yín nídìí."

Mo jókòó. Mo bi í bóyá òótọ́ ni pé ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé.

"Òótọ́ ni." Kò dáwọ́ dúró nídìí agbada. "Ẹ bá mi kí Reuben. Ẹ ní mo ní kò sí ẹni tí ó rán mi, kò sí ẹni tí ó fún mi ní kọ́bọ̀. Ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún mi ni mo fi rìn."

"Kí ni a ṣe fún yín?"

Nígbà náà ni ó gbé igbá tí ó fi ń yan gàrí sílẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí ẹ lọ gbé Monílọ́lá ní mọ́ṣúárì, àwa obìnrin gbá títì láti ìdí mọ́ṣáláṣí dé ẹnu ọ̀nà yín. Hameedat ọmọ mi gbé àga síta fún àwọn arúgbó. A ní wọn yóò gbé e wá sílé, kí a rí ojú rẹ̀, kí a dágbére fún un. A dúró títí oòrùn fi kàn wá ní àtàrí. Ọlọ́kadà kan ni ó wá sọ fún wa pé ọkọ̀ òkú ti gba ọ̀nà Oǹdó lọ. Ọlọ́kadà, Bàbá Tìmí! Ẹ̀yin kò sọ fún mi. Tìmí tí mo pọ̀n kò sọ fún mi. Ọlọ́kadà ni ó sọ fún mi."

Ó ti igi ìdáná sínú iná.

"A kò dìbò fún ẹlòmíràn. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí irú ẹ̀. A kàn jókòó sílé ni. Bí a ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nìyẹn, nítorí ẹ kò jẹ́ kí a ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹ gbé ìyá pamọ́ fún wa, ọmọ wá lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ ògiri wa, ó ní kí a wo òun. Kí ó lọ tọrọ ìbò lọ́wọ́ àwọn ará Oǹdó tí ẹ gbé ìyá rẹ̀ fún!"

Ó fi etí aṣọ nu ojú. Ó lè jẹ́ èéfín.

"Ta ni ó ní kí ẹ gbé e lọ?" ni ó wí. "Ṣé Tìmí ni, àbí àwọn ẹbí rẹ̀, àbí ẹ̀yin? Ẹ sọ fún mi, kí n mọ ẹni tí mo ń bínú sí."

Mo mọ ẹni tí ó sọ ọ́. Orí ìbùsùn ní ilé ìwòsàn ni Monílọ́lá ti sọ ọ́ fún mi, èmi àti òun nìkan. Ó ní kí n gbé òun lọ sọ́dọ̀ ìyá òun. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ sin òun sí Àkúrẹ́, n kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n gbé òun gba Ìsinkàn kọjá. Èdè Oǹdó ni ó fi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í fi èdè Oǹdó bá mi sọ̀rọ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí n fún òun lómi. Mo fún un lómi. Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́, n kò sì tún bi í. Ó ju ogójì ọdún lọ tí a ti fẹ́ra wa.

Bí mo bá sọ ìyẹn fún Nímọ́tà, ohun tí yóò gbọ́ ni pé Monílọ́lá kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Yóò máa rò ó ti gàrí ti gàrí, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, bí èmi ti ń rò ó.

"Èmi ni," ni mo wí.

Ó wò mí. "Mo ti mọ̀. Àwọn ará Oǹdó kò lè gba òkú ìyàwó lọ́wọ́ ọkọ bí ọkọ kò bá yọ̀ǹda rẹ̀." Ó mú igbá rẹ̀. "Ẹ dìde lórí àpótí mi, Bàbá."

Mo dìde. Kò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Tìmílẹ́yìn wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé lọ́yà wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ wá fọwọ́ sí i," ni ó wí.

"Rárá. Mo wá sọ ibi tí ìbò rẹ lọ fún ọ ni."

Mo tẹ́ èsì náà fún un, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Orí rẹ̀ pé bíi ti ìyá rẹ̀. N kò tíì kà á dé ìdajì tí ó fi rí i.

"Àwọn tí ó sún mọ́ wa ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nítorí ìsìnkú."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nímọ́tà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń bínú ni, ó sì ní ìdí."

Ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì. "Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní kí a gbé e gba ilé. Ẹ ní rárá. Mo rò pé àwọn ẹbí Màámi ni wọ́n ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ìyá rẹ ni ó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí ó ti sọ ọ́ gan-an, títí kan omi tí ó béèrè.

"Màámi?" ni ó wí. "Màámi tí kì í kọjá lójúde ẹnikẹ́ni ní Ìsinkàn láì kí wọn? Ta ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó sọ ọ́?"

"Èmi nìkan."

"Bàbá, ẹ má purọ́ mọ́ òkú."

"Ìwọ ha gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi rí bí?"

"Kí ni ẹ ṣe fún un, nígbà náà? Ẹ sọ ọ́. Obìnrin kì í dédé kọ ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ikú. Kí ni ẹ ṣe?"

Ìbéèrè náà ni mo ti ń bi ara mi láti ìgbà náà. Mo ti wá inú ayé àwa méjèèjì bí ènìyàn ti ń wá abẹ́rẹ́ tí ó bọ́. N kò rí nǹkan kan tí mo lè gbé sọ́wọ́ ọmọ mi.

Ó gbé ìwé lọ́yà sókè. "Ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá ní Màámi ni, n kò gbà á gbọ́, Nímọ́tà ni yóò sì lọ ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ dá a ṣe, ẹ sọ ọ́, kí n mọ̀ pé inú ilé ni a ti ṣe mí, kí n fi àwọn ará ìta sílẹ̀."

"Èmi ni," ni mo wí. Ó rọrùn ju ìgbà àkọ́kọ́ lọ.

Ó gba ìyẹn gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó fa ìwé náà ya, ó sì ki í bọ inú àpò sìmẹ́ǹtì kan tí ó ti ṣófo.

"Ẹ má wá síbí mọ́," ni ó wí. "Bí ẹ bá fẹ́ wo ibojì, ẹ lọ bẹ àwọn ẹbí Màámi. Ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ ọgbà wà."

N kò lọ bẹ̀ wọ́n. Gáréèjì ni mo lọ. Mo jókòó sí iwájú ọkọ̀ Àkúrẹ́, obìnrin kan sì jókòó sẹ́yìn mi. Dẹ́rẹ́bà fẹ́ràn ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ṣé ẹ gbọ́ ti ọmọ káńsẹ́lọ̀ tí ó kú?" ni ó wí. "Wọ́n ní lójúde ilé bàbá ẹ̀ gan-an, ìbò tí ó rí kò kún bọ́ọ̀sì kan!"

Àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ẹ́! Kí ló ṣe fún wọn?" ni obìnrin náà wí.

"Òun kọ́, bàbá ẹ̀ ni. Wọ́n ní bàbá náà gbé òkú ìyàwó ẹ̀ sá lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Aya ẹ̀gbọ́n mi ń gbé Ìsinkàn, ó ní bàbá ti fi ẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́."

"Ọkùnrin burúkú," ni obìnrin náà wí. Ó pòṣé. "Ó mà ṣe o. Obìnrin náà ì bá sì fẹ́ sùn sí ilé ọkọ ẹ̀." Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, bí a ti ń fọwọ́ kan àgbàlagbà. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Bàbá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.